Tẹlifíṣọ̀n ni, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń wo anime (káàtúùnù Japan) tiyín

Láti Mokola, Ìbàdàn

Goku, akọni inú Dragon Ball Z, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé anime ló ń jẹ́. Káàtúùnù la máa ń pè é, òyìnbó Amẹ́ríkà ló sì ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn, kò sí ohun tó sọ fún wa pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ilé onílé la ti ń wò ó. Ojúlé kan ṣoṣo ló ní àwo DStv ládùúgbò wa, àwa ọmọ á kún pálọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, a ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyá onílé á máa pariwo pé ká má fọwọ́ kan ògiri òun. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó parí nìyẹn. Èyí tí o ò rí lọ́jọ́ náà, o ò ní í rí i mọ́.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ìtàn náà kì í dópin. Dragon Ball Z ní ìpín 291, Fuji TV sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní Japan láàárín 1989 sí 1996. Tiwa níhìn-ín, a ó dé pílánẹ́ẹ̀tì Namek, Frieza ọ̀tá burúkú á fara hàn, àyà wa á máa lù kì-kì-kì, lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún ti padà síbẹ̀rẹ̀ ìtàn, níbi tí Raditz, ẹ̀gbọ́n Goku, ti kọ́kọ́ balẹ̀ sáyé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé irú ìyà yìí jẹ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà: ìpín 53 péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní òyìnbó, wọ́n dáwọ́ dúró ní 1998, ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Funimation tó bá a lọ. Ìpín 53 yẹn gan-an, 67 ló jẹ́ ní Japan kí wọ́n tó gé e. Wọn kì í tiẹ̀ pe ikú ní ikú níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù pa lójú wa, wọ́n á ní ó ti bọ́ sí ayé mìíràn. Sanji inú One Piece, anime mìíràn, ńkọ́? Sìgá ló ń mu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ 4Kids gbé e wá sí Amẹ́ríkà ní 2004, wọ́n pa sìgá rẹ́, wọ́n fi suwíìtì onígi sí i lẹ́nu.

Kàfé íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ojúlówó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń sun kàfé mọ́jú dáńlóòdù ìpín mélòó kan sínú fláàṣì, ohùn Japan, òyìnbó ní kíkọ nísàlẹ̀. Ẹnu yà mí: obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún Goku! Masako Nozawa, ìyá àgbà tí wọ́n bí ní 1936, òun náà ló sì ń sọ ti Gohan ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣàjèjì sí mi létí. Kò pẹ́, mi ò lè gbọ́ ti Amẹ́ríkà mọ́. Èmi ò ní padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìtàn tí wọ́n gé, tí wọ́n bu omi là, tí ẹnìkan tún jókòó sí ọ́fíìsì tó ń yan ọjọ́ tí màá rí òpin rẹ̀, mi ò fẹ́.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ lórí gígé yẹn, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tètè fi àwọn ọmọ tó kún pálọ̀ yẹn sílẹ̀. Nílé tiwa, Pokémon ni. Gbogbo wa la jọ ń wò ó, bàbá wa tí kì í wo káàtúùnù pàápàá á máa bi wá léèrè ohun tí Pikachu, ẹranko kékeré inú rẹ̀, ń sọ. Tó bá di ọjọ́ kejì ní iléèwé, gbogbo kíláàsì ló ti wo ohun kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ òpin rẹ̀ fún ọ ṣáájú.

Àbúrò mi tó kẹ́yìn ń wo Demon Slayer báyìí. Orí fóònù ló ti ń wò ó, íápíìsì letí méjèèjì. Ó lè bú sẹ́rìn-ín, ó lè máa nu omijé, a kì í mọ ohun tó ṣe é. Ìyẹn ni mo ṣe ra wáyà HDMI. Ní alẹ́ Sátidé, dandan ni kó so láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Màmá wa, tó ní òun ò lè máa ka òyìnbó tó ń sáré kọjá, ló kọ́kọ́ sunkún nítorí Nezuko, ọmọbìnrin inú ìtàn náà.

Láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wíwò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti dídáńlóòdù rẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Ó yàtọ̀ púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. One Piece ti ń jáde láti oṣù October 1999, ó sì ti kọjá ìpín 1,000 láti 2021. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, Luffy, akọni inú rẹ̀, á na ọwọ́ láti lu èèyàn, ọwọ́ ọ̀hún á dúró sáfẹ́fẹ́, róbótó kékeré á máa yí lójú fóònù. Dátà ń lọ, ìjà ò lọ. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá la ń dáwó san Netflix, torí ó gbà kéèyàn dáńlóòdù sórí fóònù ni. Dátà òru ni mo fi ń ṣe é, torí ó dínwó sí ti ọ̀sán, èyí tí kò gba àyè púpọ̀ ni mo sì máa ń yàn. Bí iná lọ, bí nẹ́tíwọ̀kì lọ, tèmi ti wà nílẹ̀.

Èyí tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń fún mi níṣòro. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2024, aago 9:30 òwúrọ̀ Àìkú ni Fuji TV máa ń fi One Piece hàn, aago 1:30 òru sì ni ìyẹn lọ́dọ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lórí WhatsApp.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, wáyà HDMI yẹn, ṣé ó ṣeé so mọ́ fóònù, àbí láàpútọ́ọ̀pù nìkan?