Ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ "Original Mod. 27" sí lára: ta ló ṣe é?

Ọmọ Ọlọ́dẹ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, irú èyí tí a máa ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kó tó gba ọta. "Original Mod. 27" àti "Made in Germany" nìkan ni mo rí kà lórí sílíńdà. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́, kò sí àwòrán. Ẹnì kan ní Diana ni. Ẹlòmíì ní ayédèrú ni, pé Diana tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní àwòrán obìnrin lára. Nọ́ńbà kéékèèké kan tún wà nídìí sílíńdà, lẹ́bàá igi: 06 67. Mi ò rí lẹ́tà F tí wọ́n máa ń sọ. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Sípíríǹgì:
Àbúrò, ọmọ Rastatt pọ́ńbélé lo mú dání. Ẹni tó pè é ní ayédèrú, ìdajì ìtàn ló gbọ́.

Ọdún 1890 ni Jakob Mayer àti Josef Grammelspacher dá iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Rastatt, ní Jámánì. Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù (Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tiwọn nìyẹn), ni wọ́n sọ ọjà wọn. Àmì wọn ni obìnrin tó na ìbọn sókè, tó ti ju ọrun sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Àfojúdi gbáà! Ṣùgbọ́n àmì yẹn dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọn ò jẹ́ kí àwọn ará Jámánì ṣe ìbọn mọ́. Ẹ̀rọ Rastatt àti orúkọ Diana di ti Millard Brothers, àwọn tí a mọ̀ sí Milbro, ní Scotland. Nígbà tí Rastatt tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, wọn ò lè fi orúkọ ara wọn tajà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ó ti di ti ẹlòmíì. "Original" ni wọ́n wá ń tẹ̀ sára èyí tó ń lọ síbẹ̀. Wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú: èyí tó ń jẹ́ Diana níbẹ̀, Scotland ló ti wá, èyí tí kò jẹ́ Diana ló ti ọwọ́ àwọn tó ni ín wá. Àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí Milbro kógbá wọlé, ni orúkọ náà tó padà sílé.

06 67 rẹ, oṣù kẹfà ọdún 1967 ni. F inú àmì onígun márùn-ún, tó jẹ́ àmì òfin Jámánì, kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1970, fún ìbọn tí agbára rẹ̀ kò ju joule 7.5 lọ. Ó bára mu. Ṣùgbọ́n má fi àìsí F nìkan dájọ́ o, èyí tí wọ́n kó lọ sókè òkun lè má ní in.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, Gecado 27 ni tèmi, ó sì jọ èyí bí ìbejì. Ṣé ilé kan náà ni?

Bàbá Sípíríǹgì:
Ilé kan náà ni. Àwọn oníṣòwò ló ń fún un lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, Winchester 427 àti Hy-Score 807, 27 yìí kan náà ni. Má wo orúkọ, wo tírígà: ti Rastatt lẹ́yìn ogun, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké mẹ́ta ló ń di písítìnì (ohun tí sípíríǹgì ń tì láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀) mú. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Mi ò tíì rí èyí tó wù mí jù ú lọ láàárín àwọn ìbọn kékeré.

Bí ẹ bá rí D.R.P. (Deutsches Reichspatent) lára ìbọn Jámánì kan, ti ṣáájú 1945 ni pátẹ́ńtì yẹn, D.B.P. (Deutsches Bundespatent) jẹ́ ti lẹ́yìn ogun.

Ọmọ Ọlọ́dẹ:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé kí n tú u wo àwọn bọ́ọ̀lù náà?

Bàbá Sípíríǹgì:
Rárá o! Sípíríǹgì inú rẹ̀ wà ní fífún pọ̀ bí o ò tilẹ̀ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Láìsí ohun èlò tó ń tẹ̀ ẹ́ mú, ojú ẹni ló máa fò bá. Má sì fi sáńpépà kan ibi tí nọ́ńbà wà, bó ti wù kó dógùn-ún tó. Epo àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Kí ni ìwọ̀n ẹnu ọ̀pá rẹ̀?

Ọmọ Ọlọ́dẹ:
Mílímítà 5.5.

Bàbá Sípíríǹgì:
Ó dáa. Ọta òjé ni kó máa jẹ, kì í ṣe ti irin, kí ìlà inú ọ̀pá má baà bàjẹ́.