Èsì: «iyùn oníwo àgbọ̀nrín» – àgbọ̀nrín wo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa dá lánàá fún Acropora cervicornis, iyùn inú Òkun Kàríbíánì tó máa ń yọ ẹ̀ka: «iyùn oníwo àgbọ̀nrín». Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, àmọ́ n kò gbà. Àgbọ̀nrín wo? Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Ìwo àgbọ̀nrín wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn títí wọ́n fi wàjà: méjì, ó lọ́ díẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lórí. Kò lẹ́ka rárá! Ti ilẹ̀ Yúróòpù ni ìwo rẹ̀ ń pẹ̀ka, òun ni Lamarck, onímọ̀ ẹ̀dá ará Faransé, sì fi sọ iyùn yìí lórúkọ ní 1816 («cervicornis», ìyẹn oníwo àgbọ̀nrín ní èdè Látìn). Ohun tí ojú tirẹ̀ rí nìyẹn.

Ẹ wo bí iyùn yìí ṣe ń dàgbà ná. Ẹranko wẹ́wẹ́ ló kóra jọ, tí wọ́n ń mọ òkúta sábẹ́ ara wọn. Èyí tó wà lórí ṣóńṣó ló ń ṣíwájú, ó sì ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko tíntìntín tó ń fún ara yòókù ní àwọ̀ oyin kò tíì lè bá a. Ìdí tí ṣóńṣó fi funfun nìyẹn. Lọ́dún kan, ẹ̀ka kan lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 gùn sí i. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ, èyí tó já bọ́ síbi tó dára á tún bẹ̀rẹ̀ ìdílé tirẹ̀. Ta ló ti gé ìwo ewúrẹ́ rí tó di ewúrẹ́ mìíràn?

«Iyùn ẹlẹ́ka» ni tèmi. (Ẹni tó ní «igi òkun», ẹ jọ̀ọ́, igi wo ló ń fọwọ́ mú oúnjẹ?)

Sí àbúrò tó ní «ẹlẹ́ẹ̀ka» ló tọ́, pé ohùn ìsàlẹ̀ orí ẹ̀ka kò gbọdọ̀ sọnù: ẹ̀kọ ńkọ́? Ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ ládùúgbò wa, ẹlẹ́kọ là ń pè wọ́n. Ọ̀bẹ, ọlọ́bẹ.

Àwọn kan tún ní iyùn gbọdọ̀ pupa. Èyí tí ọba ń fi sọ́rùn, Òkun Mẹditaréníà ló ti wá, ẹ̀ka lòun náà kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó dá a lu. Ìyá ìyá mi ní ẹyọ méje, wọn kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó béèrè ibi tí mo ti kọ́ gírámà, mo ń bọ̀ wá bá yín. Ọ̀rọ̀ àmì orí «iyùn» tí a jà lé lórí lóṣù tó kọjá náà kò tíì tán o.