Máṣíìnì inú oko tí mo fẹ́ kó gba títì ní UK, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chatham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra alùpùpù Honda CRF250X kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ òyìnbó kan ní ìgbèríko Kent níbí. Ọdún 2008 lòun ra á ní tuntun, inú oko nìkan ló sì ti ń gùn ún, ó fi ń da àgùntàn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá ṣáká, ẹ tẹ bọ́tìnnì báyìí, ó ti jí. Ó ní iná iwájú kékeré kan àti iná ẹ̀yìn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Họ́ọ̀nù ò sí, tráfíkétà ò sí, iná bíréèkì ò sí, dígí ò sí. Kò ní nọ́ńbà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ò ju rìsíìtì tí ọkùnrin náà fọwọ́ kọ fún mi lọ.

Mo fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Maidstone, kí n sì máa gbé e wọ àwọn ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó wà káàkiri ibí lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra odindi àpò iná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ẹ̀ wà nínú rẹ̀, £280 ni wọ́n ń tà á. £350 péré ló kù lọ́wọ́ mi fún gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ní láísẹ́ẹ̀nsì mọ́tò, mo sì ti ṣe CBT, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa gun máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Àràrómi

Àbúrò, o kú oríire máṣíìnì. Má tíì ra àpò iná kankan o.

Ìwé ni kí o kọ́kọ́ lé. Àràrómi lẹ́bàá Agodi Gate n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lórí Suzuki àti Jincheng, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tún máṣíìnì ṣe ní Gillingham níbí. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n náwó sí iná, sí dígí, sí ike tó ń dán, tí ìwé wọn wá padà torí pé wọn ò lè fi ọdún tí wọ́n ṣe máṣíìnì hàn, wọ́n pọ̀. Máṣíìnì tí wọn ò mọ ẹni tó jẹ́, tí wọn ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí oòrùn, inú oko ló máa wà.

Mú àkísà àti kẹrosín-ìn lónìí, kí o nu ọrùn rẹ̀, níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọ inú férémù. Nọ́ńbà ṣasí wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti gírísì ló máa ń bò ó. Fi ìka tọ́ ọ wò. Tí ojú irin ibẹ̀ bá tẹ́jú jù, tí lẹ́tà kan ga tí èkejì rì, tí ọ̀dà ibẹ̀ ò bá ti ara férémù tó kù mu, wọ́n ti fi fáìlì rin ín nìyẹn, gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ẹ. Wọ́n ń jí irú máṣíìnì yìí gan-an nílùú yìí, nítorí pé kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Tó bá mọ́, ya fọ́tò rẹ̀. Padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ yẹn, kó kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣasí náà sórí rìsíìtì tuntun. Bí rìsíìtì ọjọ́ tóun fúnra rẹ̀ rà á ní 2008 bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́, kó fún ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀wé sí Honda UK fún lẹ́tà tó máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Inú lẹ́tà yẹn lowó ẹ wà. Máṣíìnì tí kò tíì pé ọdún 10, tí wọn ò sì fọwọ́ sí fún títì láti ilé iṣẹ́, dandan ni kó ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MSVA kó tó lè gba nọ́ńbà. Ìdánwò yẹn le: ariwo, èéfín, irin tí etí rẹ̀ mú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èyí tó ti ju ọdún 10 lọ ò ní í ṣe é. Tìẹ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún bíi ti gbogbo máṣíìnì, ló kù fún un, owó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju £29.65 lọ. Wọ́n lè fi nọ́ńbà ṣasí ṣe MOT fún ẹ, kò dìgbà tí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá jáde. Ọkọ̀ fáànù ni kí o fi gbé e lọ, má gùn ún.

Tí MOT bá ti jáde, gba fọ́ọ̀mù V55/5 ti DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kún un, kí o kó lẹ́tà Honda, ẹ̀dà láísẹ́ẹ̀nsì ẹ, £55 owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó táàsì tì í, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn ní Swansea. Fún táàsì, abẹ́ ẹ́ńjìnnì 151cc sí 400cc lo wà. Bi àgbẹ̀ yẹn léèrè dáadáa ibi tó ti ra á. Tó bá jẹ́ pé láti òkè òkun ló ti wọlé, HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ sí i lórí ètò NOVA tó wà fún ọkọ̀ tó bá wọlé. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ oníṣòwò Honda níbí ló ti rà á, ìyẹn ò kàn ẹ́. Tí ìwé bá pé, nọ́ńbà ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n máa fún ẹ, 08 tàbí 58. Nítorí lẹ́tà yẹn ni wọn ò ṣe ní í kì ẹ́ mọ́ Q, èyí tí wọ́n ń fún máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọdún rẹ̀.

Ó wá kan iná. Tráfíkétà, fi sílẹ̀. Máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún inú igbó, tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló lè gbé, MOT ò bi í ní tráfíkétà. Wo tìẹ, kò níbi tí èrò ẹ̀yìn máa gbé ẹsẹ̀ sí. Owó ti dínkù nìyẹn. Dígí náà, òfin ibí ò fi dandan mú máṣíìnì fún un, ṣùgbọ́n fi ọ̀kan sápá ọ̀tún, torí ẹ̀mí ẹ. Họ́ọ̀nù, dandan ni. Ra kékeré tó ń lo 12V, fà á láti orí bátìrì, fi fíúsì sí i, kí bọ́tìnnì rẹ̀ wà lápá òsì lórí ọwọ́ máṣíìnì.

Iná bíréèkì ló máa ń dá wọn padà jù. Máṣíìnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹrin 1986 wá, iná náà gbọ́dọ̀ tàn tí o bá fi ọwọ́ tẹ bíréèkì iwájú, kó sì tún tàn tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ ti ẹ̀yìn. Súwíìṣì méjì nìyẹn. Wọ́n ń ta bóòtù tó ní súwíìṣì lórí, èyí tó máa rọ́pò bóòtù tó di ọ́ọ̀sì òróró bíréèkì mú. Tú ti àtijọ́, so tuntun, pààrọ̀ wọ́ṣà bàbà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má lo ògbólógbòó. Da òróró bíréèkì DOT 4 sí i, kí o fẹ́ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde títí tí ọwọ́ bíréèkì á fi le. Fi wáyà súwíìṣì méjèèjì pọ̀ sójú kan náà, kí ó jáde sí ẹ̀yìn nínú rọ́bà, jìnnà sí sàlánsà. Gílóòbù LED ni kí o lò lẹ́yìn, nítorí iná tí máṣíìnì yẹn ń mú jáde ò pọ̀, kò sì yẹ kó jẹ bátìrì tó fi ń jí run.

Wo ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe fún títì, ó ti já nìyẹn, kódà kó jẹ́ tuntun. E tó wà nínú róbótó kékeré, àmì pé wọ́n fọwọ́ sí i fún títì, ni kí o wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàlánsà: tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé ti eré ìje nìkan ni, wọn ò ní í gbà á.

Akin Dagenham

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi. Bọ̀dá mi láti Chatham, ọ̀nà kan tún wà tó pọ́n-ùn rẹ̀ kéré jù. Ẹ lè bọ́ iná iwájú àti ti ẹ̀yìn kúrò pátápátá, tàbí kẹ́ ẹ já wáyà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi téèpù bò ó. MOT ọ̀sán nìkan ni wọ́n máa ṣe fún yín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ máa gùn ún. Wọn ò ní í bi yín ní iná bíréèkì rárá. Họ́ọ̀nù, bíréèkì, táyà, ṣéènì àti bẹ̀rín ọrùn ni wọ́n máa wò. Bí mo ṣe ṣe KTM mi nìyẹn, ó sì bófin mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù láì ronú. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023 ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń sanwó, ti gba gbogbo agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, máṣíìnì tí èéfín rẹ̀ kò bá ìwọ̀n Euro 3 mu máa san £12.50 lójúmọ́, tọ̀sán tòru, àyàfi ọjọ́ Kérésìmesì. Máṣíìnì inú oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba nọ́ńbà, ìwé tó máa sọ bí èéfín rẹ̀ ṣe mọ kì í sábà sí, wọ́n á sì kà á mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ san. Tó bá jẹ́ pé inú Kent lẹ ó máa wà, kò kàn yín.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó tíì wo láísẹ́ẹ̀nsì ọmọ yìí. Bọ̀dá, CBT tí ẹ ní, 125cc ló mọ, pẹ̀lú àmì L, ti ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ, lára máṣíìnì. 250 lẹ rà. Tí ẹ bá gbé e jáde sí títì pẹ̀lú CBT, ẹ ò ní láísẹ́ẹ̀nsì lójú òfin, ìnṣọ́ránsì yín á sì di asán pẹ̀lú. Mò ń fi máṣíìnì lọ sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀nà yìí ni mo gbà. Ẹ ti lé ní ọdún 24, ẹ lè lọ tààrà fún láísẹ́ẹ̀nsì A, ti máṣíìnì ńlá: ìdánwò orí kọ̀ǹpútà £23, ìdánwò gígùn Module 1 £15.50, Module 2 £75 láàárín ọ̀sẹ̀. £113.50 nìyẹn, owó ilé ìkọ́ṣẹ́ tó máa yá yín ní máṣíìnì ńlá ò sì sí nínú rẹ̀, òun ló wọ́n jù. Ẹ fi kún ìṣirò yín kó tó di pé ẹ ra nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ MOT ọ̀sán tí bọ̀dá Akin sọ, òótọ́ ni, ó sì dáa fẹ́ni tó bá fẹ́ lọ ṣeré ní Sátidé. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní gbà fún un. Ní oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀ níbí. Aago márùn-ún lẹ ó kúrò níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ ó sùn sí Maidstone ni? Kùrukùru náà wà ńbẹ̀, ìwé yẹn ò gbà yín láyè láti gùn ún nígbà tójú ò bá ríran jìnnà. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni wọ́n ti gbé àwọn tó ń gun máṣíìnì dé wọ́ọ̀dù wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iná síbẹ̀. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, súwíìṣì bíréèkì méjì ò wá ní í pa yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chatham

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ gbà mí o, mi ò mọ ti láísẹ́ẹ̀nsì yẹn rárá. Mo ti nu ọrùn máṣíìnì, nọ́ńbà náà jáde ketekete, lẹ́tà rẹ̀ sì dọ́gba. Àgbẹ̀ náà ní ọwọ́ oníṣòwò Honda kan ní Ashford lòun ti rà á, òun máa wá rìsíìtì náà fún mi. Mo ti jáwọ́ nínú àpò iná, MOT tiná tiná ni mo sì máa ṣe. Ìnṣọ́ránsì ńkọ́, ṣé wọ́n máa gbà mí nígbà tí nọ́ńbà ò tíì sí?

Bàbá Àràrómi

Àwọn kan ń fi nọ́ńbà ṣasí gbà á, pè wọ́n lórí fóònù, má ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí kọ̀ǹpútà wọn á máa bèèrè nọ́ńbà ẹ̀yìn ṣáá. Sọ fún wọn pé wàá máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́, wàá sì máa gbé e wọ ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú. Fi ìwé ránṣẹ́ sí Swansea, kí o máa ṣe ìdánwò láísẹ́ẹ̀nsì ẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tiwọn lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tí o sọ yẹn, wo máàpù dáadáa. Byway tó ṣí fún gbogbo ọkọ̀ nìkan ni tìẹ. Bridleway jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀, footpath sì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Òfin ìrìnnà ti 1988 (Road Traffic Act) ò gba máṣíìnì láyè lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ọlọ́pàá bá bá ẹ níbi tí kò yẹ, tí o ń da àwọn aráàlú láàmú, Section 59 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2002 (Police Reform Act) gbà wọ́n láyè láti gbé máṣíìnì náà lọ, bí ìwé ẹ tilẹ̀ pé. Àwọn Trail Riders Fellowship, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun máṣíìnì lọ́nà ẹlẹ́rẹ̀, ti wà láti 1970, wọ́n mọ èyí tó ṣí àti èyí tí wọ́n ti tì. Bá wọn jáde lẹ́ẹ̀kan kó o tó dá lọ.

Tí nọ́ńbà bá dé, ẹ̀yìn nìkan ni kí o fi sí, yẹ́lò, kí lẹ́tà rẹ̀ ga ní mílímítà 64, má jẹ́ kí wọ́n tà ẹ́ ní kékeré tó rẹwà. Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn CRF gùn, ó sì máa ń mì, ike nọ́ńbà á ya láàárín bóòtù méjèèjì tí o bá so ó bẹ́ẹ̀ lásán. Gé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀, kó dé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fi wọ́ṣà rọ́bà sí àárín. Má dí iná ẹ̀yìn, kí iná kékeré tó máa tàn sórí nọ́ńbà náà sì wà lókè rẹ̀.