Oògùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ: kí ni láàbù mẹ́ta gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí?

Aṣèwádìí_Oko
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Láàbù mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta fẹ́ wọn oògùn apakòkòrò tí afẹ́fẹ́ ń gbé kúrò lóko, kí wọ́n sì da èsì wọn pọ̀. ISO 22866, ìlànà àgbáyé fún wíwọn irú oògùn bẹ́ẹ̀ lóko, ni gbogbo wọn máa tẹ̀ lé. Ṣé ìyẹn nìkan tó?

Ẹ̀kán_Kékeré
Kò tó. Ìlànà yẹn fàyè sílẹ̀ púpọ̀: ó gbà kí ooru wà láàárín 5 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, omi inú ẹ̀kán oògùn á máa fà, ẹ̀kán á kéré sí i, á sì rìn jìnnà. Èsì ọjọ́ olóoru kì í sábà bá ti ọjọ́ tútù dọ́gba.

Ẹ yan nọ́súlù (ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń fín oògùn) kan fún ìfiwéra: irú 110-03, ní agbára ìtì báà 3, 50 sẹ̀ǹtímítà sókè irè. Lítà 1.2 ló yẹ kó máa tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ fín in ní wákàtí kan náà pẹ̀lú nọ́súlù tí ẹ ń dán wò. Ìdá tí oògùn tí afẹ́fẹ́ gbé lọ láti inú nọ́súlù ìdánwò jẹ́ nínú ti ìfiwéra ni kí láàbù kọ̀ọ̀kan mú wá.

Aró_Inú_Táńkì
Ẹ má fojú fo aró tí ẹ máa pò mọ́ omi táńkì láti fi mọ iye tó bọ́ sórí bébà o! Oòrùn tètè ń pa aró tí wọ́n ń pè ní fluorescein. Ẹ kán aró tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí bébà asẹ́, irú èyí tí ẹ máa fi gba oògùn lóko, ẹ sá díẹ̀ sóòrùn, ẹ fi ìyókù sínú òkùnkùn, kí ẹ fi omi fọ aró kúrò lára méjèèjì, kí ẹ sì ka iye aró tó wà nínú omi náà. Ohun tó dín ni oòrùn jẹ. Ẹ tún kà bébà tí kò rí oògùn rárá, kí ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò.

Ẹnu nọ́súlù ni kí ẹ ti bu omi aró tí ẹ máa fi ṣe ìṣirò, torí omi táńkì tí kò pò dáadáa kì í bá àkọsílẹ̀ mu. Bí ẹ bá fín lítà 200 sórí hẹ́kítà kan, ó jẹ́ máíkírólítà 2 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Bí bébà bá gba máíkírólítà 0.02 lórí ìwọ̀n àyè kan náà, ìdá 1 nínú 100 nìyẹn.

Aṣèwádìí_Oko
Ẹ ṣeun gan-an. Ìwọ̀n ẹ̀kán ńkọ́? Léésà ni láàbù kan ń lò, kámẹ́rà ni òmíràn ń lò.

Ẹ̀kán_Kékeré
Ẹ má fi nọ́ńbà wọn wéra ní tààrà. Ẹ̀kán kékeré kì í pẹ́ dẹ̀rìn, ó á wá pẹ́ níwájú léésà, léésà á sì rò pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn ń dín àṣìṣe yẹn kù. Ẹ lo ISO 25358, ìlànà fún wíwọn ẹ̀kán àti pípín nọ́súlù sí ìsọ̀rí: kí láàbù kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọn àwọn nọ́súlù ìfiwéra, kó tó pín tìdánwò sí ìsọ̀rí. Àwọn nọ́súlù kan náà gan-an ni kó yí láàbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká.