Wọ́n ní ká gbé oúnjẹ wá ká jọ gun òkè, kí ni kí n sè?

Ìyá Akọ́bí
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ó ti di oṣù 9 tá a dé Manchester, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 9 àti obìnrin ọmọ ọdún 6. Iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá wọn ń ṣe, èmi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án, tá a bá ti délé a ti tilẹ̀kùn nìyẹn, àfi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ń dùn mí, torí nílé l'Ábẹ́òkúta ojúde ni wọ́n máa ń wà títí màá fi pariwo pé ẹ wá jẹun.

Èyí ọkùnrin wá wọ tíìmù bọ́ọ̀lù kan ládùúgbò. Sáà ti parí, àwọn òbí tó wà nínú WhatsApp tíìmù ní ká jọ lọ gun Mam Tor ní Peak District lóṣù Kẹfà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ tá a máa jọ jẹ dání. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mi ò tíì fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè sè tí wọ́n á jẹ? Ṣé kí n ra sáńwíìṣì bíi tiwọn ni? Àbí kí n gbé bábékíù kékeré dání kí n yan súyà lókè níbẹ̀? Ọmọ ọdún 6 ńkọ́, ṣé á lè gun òkè yẹn? Àti pé Sọ́ńdè ni, ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́.

Ìyá Ìbejì, Salford
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bó ṣe ṣe gbogbo wa nìyẹn. Ẹ fèsì lónìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la, kẹ́ ẹ má sì ra sáńwíìṣì. Sáńwíìṣì ni mo gbé lọ nígbà àkọ́kọ́ torí ojú ń tì mí, ìdílé márùn-ún ló gbé e wá, àwọn ìbejì gan-an ò fẹnu kan tèmi. Ìgbà kejì mo se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, mo wé mọ́ínmọ́ín lọ́kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ìlì, mo fi táwẹ̀lì we gbogbo ẹ̀. A dókè, atẹ́gùn ń fẹ́ bíi kó gbé èèyàn lọ, mo tú fọ́ìlì ọ̀kan, oru ẹ̀ ṣì ń jáde. Ìyá kan tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ rí nídìí pápá fi ọwọ́ méjèèjì di tiẹ̀ mú kọ́wọ́ ẹ̀ lè móoru kó tó jẹ ẹ́, ó ní kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní ẹ̀wà. Kò gbà mí gbọ́. Ibi tá a ti dọ̀rẹ́ nìyẹn, òun ló ń bá mi mú àwọn ọmọ níléèwé báyìí tí mo bá wà níbi iṣẹ́.

Ẹ dín ata kù, ẹ bu ata lọ́tọ̀ sínú ike fún ẹni tó bá fẹ́. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó lọ́mọ tí ara ẹ̀ ò gba ẹ̀pà, ó lè ṣekú pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ata súyà tá a ń bù wọ́n ẹran yẹn ẹ̀pà ló wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ ohun tó wà nínú mọ́ínmọ́ín náà fún wọn, ẹyin, edé, ẹja, gbogbo ẹ̀.

Bàbá Leeds
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dáná lórí òkè yẹn rárá, wọn ò gbà á, bábékíù kékeré gan-an wọn ò gbà á. Ilẹ̀ abẹ́ koríko ibẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń jó, iná á wọlẹ̀ á máa jó lábẹ́ ẹ ò ní mọ̀. Lóṣù Kẹfà 2018 tí iná mú Saddleworth Moor, kò jìnnà sí yín, wọ́n kó ṣọ́jà wá ran àwọn panápaná lọ́wọ́. Ẹ yan súyà yín sílé.

Mam Tor ga tó mítà 517, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ti wà lókè tẹ́lẹ̀, èyí tó kù ò pọ̀, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Ọmọ tó bá ti gun Olúmọ á gun ún. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ fẹ́ wọ̀, Edale lẹ máa sọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rìn dáadáa láti ìsàlẹ̀.

Aṣọ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ọdún tá a dé, lóṣù Kọkànlá, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sórí òkè lẹ́yìn ọ̀sán, jíǹsì àti kánfáàsì ni gbogbo wa wọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Jíǹsì tó bá ti gbomi, ṣe ló ń wúwo tó ń fa òtútù síni lára. Aago mẹ́rin àbọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Àbígbẹ̀yìn mi na ọwọ́ sí mi kí n wò ó, àwọn ìka ẹ̀ ti pọ́n kò lè ká wọn, kò sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Tọkọtaya arúgbó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló fún wa ní tọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́. Lóṣù Kẹfà ilẹ̀ ò ní ṣú títí aago mẹ́sàn-án á fi kọjá, síbẹ̀ kẹ́ ẹ mú kóòtù òjò àti ìbọ̀sẹ̀ míì dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí nǹkan bá ṣe yín lókè, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ wá ní Mountain Rescue lẹ fẹ́, àwọn tó ń gba èèyàn sílẹ̀ lórí òkè. Wọn kì í gbowó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè yẹn, èmi àti ìyàwó mi jà lórí ẹ̀ gan-an. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ọ̀pọ̀ líìgì ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ yìí, àwa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ọ̀sán nígbẹ̀yìn. Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó tẹ̀ lé yín, tó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé kó sùn nínú mọ́tò. Ọdún méjì ni ìyàwó mi nìkan fi ń mú ọmọ wa lọ, ó débi pé tó bá jẹ góòlù kò tiẹ̀ sọ fún mi mọ́. Ẹ tún wo parkrun, eré sísá tí wọ́n jọ ń sá ní páàkì, àárọ̀ Sátidé aago mẹ́sàn-án, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn lè rìn ín. Èmi àti ọmọ wa la jọ ń lọ báyìí.

Ìyá Akọ́bí
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa dá a padà fún yín. Mo ti fèsì, mo ní jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín. Mo béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, ọmọ méjì ni ara wọn ò gbà á, mo ti fi súyà sílẹ̀. Bàbá wọn ka ọ̀rọ̀ góòlù yẹn, kò sọ nǹkan kan, ó kàn pe ọmọ ẹ̀ ó ní nọ́ńbà mélòó lò ń wọ̀. Ìyá Ìbejì, èèyàn 23 ni wá, mọ́ínmọ́ín mélòó ni kí n wé?

Ìyá Ìbejì, Salford
Ẹ wé 40.