Windows 98 SE àti XP lórí ThinkPad T23 kan: èwo ló ń kọ́kọ́ wọlé?

Ẹ̀rọÀtijọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. ThinkPad T23 ni, Pentium III 1.13 GHz, RAM 1 GB tó jẹ́ 512 MB lọ́nà méjì, pẹ̀lú díìsìkì IDE 80 GB tí kò tíì sí ohunkóhun lórí ẹ̀. Mo fẹ́ kí Windows 98 SE wà níbẹ̀ fún géèmù DOS àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan, kí XP náà wà níbẹ̀ fún Wi-Fi àti flash. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fi sí i, báwo ni kí n sì ṣe pín díìsìkì náà? Ohun mìíràn tó ń dà mí láàmú: fdisk, ètò ìpín díìsìkì tó wà lórí sídì 98, ní 10783 MB péré ni díìsìkì yìí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Atúnrọṣe
Kì í ṣe ayédèrú. fdisk yẹn gan-an ni kò mọ ìṣirò. Tí díìsìkì bá ti kọjá 65536 MB, ńṣe ló máa ń tún kíkà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Díìsìkì 80 GB máa ń jẹ́ nǹkan bí 76319 MB. Ẹ yọ 65536 kúrò níbẹ̀, ẹ ó bá 10783 yín. Ẹ fi fdisk sílẹ̀. Ẹ kọ GParted, ètò ọ̀fẹ́ tó ń pín díìsìkì, sórí sídì, ti i686 (32-bit) ni kí ẹ mú torí Pentium III kò lè gbé ti 64-bit, kí ẹ fi pín in.

98 ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ọdún 1999 ni SE jáde, XP dé ní 2001: àbúrò mọ ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ò mọ àbúrò. Tí XP bá bá 98 nílé, á tọ́jú boot sector ti 98 (ẹ̀ka àkọ́kọ́ nínú ìpín, tó ń tan 98) sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ bootsect.dos, 512 byte péré, á wá gbé menu tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 98 ló dé lẹ́yìn, kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á kọ tirẹ̀ lé ti XP lórí. XP á ṣì wà lórí díìsìkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ti di.

Ó wá ku pípín. Ìpín kìíní jẹ́ primary (ìpín tó dá dúró), FAT32 (ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tí 98 àti XP jọ mọ̀), 10 GB, kí ẹ fi àmì boot àti lba sí i. C nìyẹn, ti 98. Ẹ sọ gbogbo ìyókù di extended, bí àpótí tó ń gba àwọn ìpín mìíràn tí wọ́n ń pè ní logical sínú. Nínú rẹ̀, logical FAT32 30 GB ni kí ó ṣáájú, fún fáìlì tí àwọn méjèèjì jọ máa lò; àyè tó kù lẹ́yìn rẹ̀, bíi 34 GB, ni ti XP, ẹ fi sílẹ̀ láì fọ́ọ́màtì. Níbi tí GParted ti ń bèèrè "Align to", Cylinder ni kí ẹ mú, kì í ṣe MiB.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn padà. 98 kì í rí NTFS, ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì ti XP, rárá. Tí ìpín XP bá ṣáájú ti àjọlò, ti àjọlò á máa jẹ́ D nínú 98, á máa jẹ́ E nínú XP, gbogbo shortcut á dàrú. Tí ti àjọlò bá ṣáájú, D ni níbi méjèèjì, XP á sì jókòó sí E. Ìdí tí mo fi mú 30 GB ni pé XP kì í fọ́ọ́màtì FAT32 tó bá ju 32 GB lọ, ó lè di dandan kí ẹ tún un fọ́ọ́màtì lọ́jọ́ kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ setup ti 98, ẹ ṣe ẹ̀dà fólídà win98 látorí sídì sí D, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ setup. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dráífà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń fi sí i lẹ́yìn ọ̀la á máa bèèrè sídì. Ẹ kó dráífà ojú ìwòran, ohùn àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí D, nítorí 98 SE kò mọ flash títí ẹ ó fi fún un ní dráífà rẹ̀.

Tó bá kan XP, ẹ fi sídì rẹ̀ tan ẹ̀rọ, ẹ mú àyè òfìfo tó wà lẹ́yìn D, ibẹ̀ nìkan ni kó fọ́ọ́màtì sí NTFS. Kó má fọwọ́ kan C. Ọjọ́ tí C bá di NTFS ni 98 kú.

Díìsìkìméjì
Ohun tí Atúnrọṣe sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí wàhálà yẹn lórí T23. Skúrúù kan ṣoṣo ló di díìsìkì rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ẹ tú u, ẹ fà á síta. 98 lórí díìsìkì kékeré, XP lórí 80 GB, kò sí èyí tó máa mọ̀ pé èkejì wà láyé. Ẹ kàn ṣọ́ra fún pin 44 ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tètè ń tẹ̀ tí wọ́n bá ń wọlé wọ̀de lójoojúmọ́.

Tó bá wá jẹ́ díìsìkì kan náà lẹ fẹ́, ẹ pa hibernate ti XP (oorun tó ń kó ohun tó wà nínú RAM sórí díìsìkì kí ẹ̀rọ tó kú): Control Panel, Power Options, ẹ yọ àmì tó wà lójú ewé Hibernate. Tí XP bá sùn báyìí, tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ, menu ò ní jáde, XP ló máa jí tààrà. Ẹni tí kò ní sùúrù á wá fi floppy 98 gba ẹ̀yìn wọlé, á kọ fáìlì sí D. Ibẹ̀ ni gbèsè wà: nígbà tí XP bá jí, tábìlì FAT (àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà) tó há sórí kó tó sùn ló ṣì ń lò, kò ní tún un kà, á sì kọ ti àtijọ́ lé ti tuntun lórí. Fáìlì á sọnù, tàbí kí fáìlì méjì máa jìjà àyè kan náà.

Ẹ̀rọÀtijọ́
Ẹ ṣeun gan-an. Díìsìkì kan náà ni mo mú. Mo ti pín in bí ẹ ṣe wí, mo sì bẹ̀rẹ̀ 98, ṣùgbọ́n nígbà tó tún ara rẹ̀ tàn nígbà àkọ́kọ́, "Insufficient memory to initialize Windows" ló ń kọ. Kí ni ìtumọ̀ "memory kò tó" lórí ẹ̀rọ tó ní 1 GB?

Atúnrọṣe
Ó pọ̀ jù ni, kì í ṣe pé kò tó. Vcache ti 98, apá tó ń fi RAM tọ́jú fáìlì fún ìgbà díẹ̀, máa ń wo bí RAM ṣe pọ̀ tó, á sì gba àyè address tó pọ̀ fún ara rẹ̀ débi pé kì í ṣẹ́ kù fún àwọn yòókù. Tó bá ti kọjá 512 MB ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ F8 bó ṣe ń tàn, ẹ mú Command prompt only, kí ẹ kọ `edit c:\windows\system.ini`. Ẹ wá orí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kí ẹ fi ìlà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ wọn:

```
[386Enh]
MaxPhysPage=20000

[vcache]
MaxFileCache=262144
```

20000 yẹn, hex (ìṣirò onímẹ́rìndínlógún) ni. Ojú ewé 131072 tó jẹ́ 4 KB kọ̀ọ̀kan ni, èyí tó já sí 512 MB. 98 á máa wo 512 MB nìkan, XP á ṣì lo 1 GB rẹ̀ pé. Orí ọ̀rọ̀ [386Enh] ti wà nínú fáìlì náà tẹ́lẹ̀, ẹ má kọ òmíràn sí i. Tí [vcache] náà bá ti wà, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Tí XP bá wọlé tán, bí boot.ini, fáìlì menu tó wà ní C, ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
[boot loader]
timeout=10
default=multi(0)disk(0)rdisk(0)partition(3)\WINDOWS
[operating systems]
multi(0)disk(0)rdisk(0)partition(3)\WINDOWS="Windows XP" /fastdetect
C:\="Windows 98 SE"
```

partition(3) ni ti XP, torí C ni 1, D ni 2.

Wáyàdídì
Fún ẹni tó bá ka èyí lẹ́yìn tó ti fi 98 lé XP lórí: ẹ má tíì sáré lọ sí fixboot, àṣẹ XP tó ń tún boot sector kọ. fixboot á dá XP padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n boot sector ti 98 ló máa kọ lé lórí, bootsect.dos ò sì sí níbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ fi sídì Linux tan ẹ̀rọ, ẹ ṣí terminal:

```
mount /dev/sda1 /mnt
dd if=/dev/sda1 of=/mnt/bootsect.dos bs=512 count=1
umount /mnt
```

Ẹ fi `fdisk -l` wò ó dájú pé sda1 ni C kí ẹ tó tẹ dd, kí ẹ má sì ṣi if (ibi tó ti ń kà) àti of (ibi tó ń kọ sí) gbé fún ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi sídì XP tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ R, ẹ wọ Recovery Console, ẹ kọ `fixboot c:`. Tí boot.ini bá ti sọnù, `bootcfg /rebuild` á tún un ṣe, ṣùgbọ́n XP nìkan ló máa rí. Ìlà C:\ ti 98, ọwọ́ lẹ máa fi kọ ọ́.

Ó ku kékeré kan: níbi tí wọ́n bá ti ń sún aago síwá sẹ́yìn lọ́dọọdún, méjèèjì ló máa sún un, á wá di wákàtí méjì. Ẹ yọ àmì tó wà lórí "Automatically adjust clock for daylight saving changes" nínú Date/Time ti 98, kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún XP.