Irin wà lórúnkún Màmá, wọ́n sì fẹ́ wọ bàálù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkòròdú là ń gbé. Irin ni wọ́n fi pààrọ̀ oríkèé orúnkún ọ̀tún Màmá mi. Àpá rẹ̀ ṣì ń dán. Láti Ìkẹjà ni wọ́n ti máa wọ bàálù lọ London, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ìkókó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò lè ké, pé lẹ́tà dókítà ò sì ní ká má yẹ ara wọn wò. Ìdúró gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn á gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò kọjá, Màmá ò sì lè dúró láìsí i. Ṣé wọ́n lè tọrọ àga, kí obìnrin yẹ̀ wọ́n wò ní kọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin òbí yín débẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?